EAT: bí ẹ ṣe máa fi lẹ́tà mẹ́ta tẹ́ ẹ ń fojú rénà jẹ póìntì

Nínú àpò Scrabble Gẹ̀ẹ́sì, géèmù tí wọ́n ti ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, táìlì (pátákó kékeré tí lẹ́tà wà lára ẹ̀) 100 ló wà níbẹ̀. E jẹ́ 12, A jẹ́ 9, T jẹ́ 6, ẹ ro ó pọ̀, 27 nìyẹn, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àpò lọ. Ìyẹn ni pé ẹ ò lè ta géèmù kan tán kí E, A àti T má bá ara wọn pàdé lórí ráàkì yín, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ń to táìlì méje ọwọ́ yín sí, ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì máa ń ṣe ni pé a máa wò ó, a máa rí EAT, ojú ẹsẹ̀ la máa gbé e lélẹ̀ síbi àkọ́kọ́ tó bá gbà á, póìntì mẹ́ta, ó tán, ẹlòmíì ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. EAT kì í wọ́n láti tà, ohun tẹ́ ẹ ń sọ nù tẹ́ ẹ bá tà á níbi tí kò yẹ ló wọ́n. Mo fẹ́ tò ó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, látorí ohun tó túmọ̀ sí, a dé orí Scrabble tó ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ká tó wá ya ọ̀dọ̀ Boggle, Wordle àti crossword, àwọn géèmù ọ̀rọ̀ míì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni EAT. EAT, EATS, ATE, EATEN, EATING, gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti dùn ni pé ATE yìí, ẹnu ò kò lórí bí wọ́n ṣe ń pè é, àwa níbí àti àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é bí ẹni ń pe EIGHT, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní London ẹ máa gbọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè é ní "ẹ̀t", ẹ má rẹ́rìn-ín o, wọn ò ṣì í pè. Kódà ET fúnra ẹ̀ wà nínú díkíṣọ́nárì Scrabble, òun náà túmọ̀ sí ATE lẹ́nu àwọn ará oko. Ẹ fi ET yẹn sápò, a máa tó yọ ọ́ lò.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ò wá mọ sórí oúnjẹ. Ásíìdì máa ń EAT irin. Owó iléèwé ọmọ lè EAT INTO owó tẹ́ ẹ tọ́jú sí báńkì. Tẹ́nì kan bá bi yín pé "what's eating you?", ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ló ń béèrè. EAT YOUR WORDS ò lè ṣòro fún Yorùbá rárá, torí àwa náà máa ń kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Àwọn tó lè dojú rú ni EAT CROW, táwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lò fún ẹni tó ti fọ́nnu tẹ́lẹ̀ tó wá di dandan kó gbà pé òun ṣì í, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn á sọ pé EAT HUMBLE PIE. I'LL EAT MY HAT ni tẹni tó dá lójú pé nǹkan kan ò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ọba, tẹ́ ẹ bá lọ ra kọfí, ọmọ tó wà nídìí owó á bi yín pé "eat in or take away?", ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ lẹ ti máa jẹ ẹ́ ni àbí ẹ máa gbé e lọ. Ní Amẹ́ríkà ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn, "for here or to go?" ni wọ́n máa sọ.

Èyí tó gbòde báyìí lórí fóònù ni "she ate". Ọmọbìnrin kan wọ aṣọ tó bá a mu gan-an, tàbí ó jó ijó kan tí gbogbo èèyàn figbe ta, wọ́n á ní "she ate", tó bá wá pọ̀ jù wọ́n á fi "and left no crumbs" kún un, pé kò ṣẹ́ kù rárá. Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ti tàn kálẹ̀. Kò sí oúnjẹ kankan níbẹ̀ o, ẹ má lọ bi í pé kí ló jẹ.

Kí wá ni ìtumọ̀ fẹ́ ṣe nínú géèmù? Nínú Scrabble kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìtumọ̀, ó wà nínú ìwé àbí kò sí nínú ìwé, ó parí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó gba S lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé EATH jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí "rírọrùn", ẹ ò ní lọ lẹ S mọ́ ọn kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta má bàa ṣálẹ́ńjì yín, kẹ́ ẹ sì pàdánù àyè yín láti ta. Nínú crossword sì rèé, ìtumọ̀ ni wọ́n máa fún yín kẹ́ ẹ fi wá ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ni gbogbo ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tò ó síwá, ẹ tò ó sẹ́yìn

Lẹ́tà mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà nínú ẹ̀: EAT, ATE, TEA, ETA, TAE. Ẹ mọ mẹ́ta àkọ́kọ́. ETA tẹ́ ẹ ń rí ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú máa balẹ̀ nìyẹn, ìgékúrú ni, Scrabble ò sì gba ìgékúrú, àmọ́ ETA tún jẹ́ lẹ́tà keje nínú a-b-d àwọn Gíríìkì, ìyẹn ló gbé e wọlé. TAE jẹ́ ti àwọn ará Skọ́tíláǹdì, báyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ TO àti TOE lédè tiwọn.

Ẹ tún wá mú méjì-méjì nínú wọn, bó ti wù kẹ́ ẹ mú un: AE, EA, AT, TA, ET, TE. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà nínú Collins, ìwé tí wọ́n fi ń ta Scrabble ní Nàìjíríà àti nílùú ọba. AE ni "ẹyọ kan" lẹ́nu àwọn ará Skọ́tíláǹdì, EA ni odò kékeré, TA ni "ẹ ṣé" àwọn Gẹ̀ẹ́sì, TE jẹ́ ohùn orin. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ìwé tiwọn yàtọ̀, EA ò wọlé níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Chicago, ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ kọ mẹ́fà yìí sílẹ̀, ẹ há a sórí kẹ́ ẹ tó há ọ̀rọ̀ gígùn kankan. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ló ń jẹ́ kéèyàn lè to ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀, ibẹ̀ lowó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ẹnu ọ̀nà méjèèjì kẹ́ ẹ tó gbé e lélẹ̀

Èyí gan-an ló jẹ́ kí n kọ gbogbo eléyìí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta lè fi lẹ́tà kan síwájú ẹ̀ tàbí sẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á di tiẹ̀, á tún gba póìntì lórí èyí tó ń tà lóòró. Húùkù ni wọ́n ń pè é. Márùn-ún tá a kà yẹn, póìntì kan náà ni wọ́n, táìlì kan náà ni wọ́n, àmọ́ ilẹ̀kùn wọn ò jọra rárá.

EAT, iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. BEAT, FEAT, HEAT, MEAT, NEAT, PEAT, SEAT, TEAT, nínú Collins ẹ tún máa rí GEAT, ihò tí irin yíyọ́ ń gbà wọ inú mọ́ọ̀dù, àti LEAT, kòtò tí wọ́n fi ń darí omi lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ wo bí lẹ́tà yẹn ṣe pọ̀ tó, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni má ní ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? H àti S nìkan, EATH àti EATS.

TEA ni òdì-kejì ẹ̀ pátápátá. Kò sí lẹ́tà kan tó lè dúró síwájú TEA. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò láti A dé Z, kò sí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo èrò ń gbà: TEAK, TEAL, TEAM, TEAR, TEAS, TEAT, Collins á fi TEAD kún un.

ATE náà, iwájú ẹ̀ bí Ọjà Ọba ni, BATE, DATE, FATE, GATE, HATE, LATE, MATE, PATE, RATE, SATE, wọ́n ń bọ̀ ṣá. Ẹ̀yìn, S nìkan.

ETA ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Iwájú ẹ̀ gba BETA, FETA, META, ó sì gba ZETA. Z jẹ́ póìntì mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá fi ETA síbi tí iwájú ẹ̀ ti bọ́ sójú triple letter, tó ń sọ póìntì lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí Z ò sì tíì jáde nínú àpò, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe é o.

TAE wá ni ọ̀lẹ inú gbogbo wọn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn. Iwájú ti pa, ẹ̀yìn gba D, L àti S nìkan, TAED, TAEL, TAES. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń na ẹni yẹn pẹ̀lú póìntì tó pọ̀, tẹ́ ò fẹ́ kó rí ibi fẹsẹ̀ lé mọ́, TAE ni kẹ́ ẹ tà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́, ẹ bi ara yín ní nǹkan méjì péré. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ni póìntì gidi wà lórí bọ́ọ̀dù, apá òsì àbí apá ọ̀tún? Tó bá jẹ́ apá òsì ni triple word, tó ń sọ póìntì gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, wà tẹ́ ò sì fẹ́ kó débẹ̀, TEA ni, kì í ṣe EAT. Ìkejì, ṣé èmi gan-an ni mo ní lẹ́tà tó máa wọ ilẹ̀kùn yẹn? Ká ní ẹ mú S méjì dání, ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ta EAT kẹ́ ẹ wá padà fi S gun un nígbà tó bá kàn yín. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ṣí i. Èyí tẹ́ ò ní, ẹ tì í.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ta, ojú òpó àárín jẹ́ double word, EAT á di mẹ́fà. Mẹ́fà náà ò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká débi tẹ́ ẹ ti máa mọ̀ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ tiẹ̀ tà á rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ míì

Ká ní BEE, kòkòrò oyin, ti wà lórí bọ́ọ̀dù, ó dùbúlẹ̀, abẹ́ ẹ̀ sì ṣófo. Ẹ gbé EAT, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀ gan-an, E sábẹ́ B, A sábẹ́ E àkọ́kọ́, T sábẹ́ E kejì. Ẹ wá kà á lóòró: BE, EA, ET. Ẹ rí ET tá a fi sápò lẹ́ẹ̀kan? Òun nìyẹn. Ẹ ò ta ọ̀rọ̀ kan mọ́, ẹ ti ta mẹ́rin. EAT jẹ́ 3, BE jẹ́ 4 torí B jẹ́ 3, EA jẹ́ 2, ET jẹ́ 2, àpapọ̀ ẹ̀ 11, a ò tíì ka double tàbí triple kankan mọ́ ọn. Lẹ́tà póìntì ẹyọ kan mẹ́ta ló mú 11 wá o. ETA náà á wọ ibẹ̀, BE, ET, EA, àmọ́ TEA ò ní wọ̀ ọ́ torí BT kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, EA ni kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe fún yín, ẹ wá ibòmíì.

Irú títẹ́-sábẹ́ báyìí tún ní àǹfààní kan, ó máa ń di ojú ọ̀nà pa. Ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ra báyẹn, ó ṣòro kí ẹlòmíì gba àárín wọn kọjá. Ohun tí àwọn òǹtayò Scrabble ilẹ̀ wa fi gbajúmọ̀ láyé náà nìyí, ọ̀rọ̀ kúkúrú, bọ́ọ̀dù tó há, táìlì dáadáa tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, lọ sí Perth ní Australia lọ́dún 2015, tó na Lewis Mackay ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 4-0 nínú àṣekágbá, tó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble lédè Gẹ̀ẹ́sì, FELTY wà lára ohun tó tà níbi géèmù tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún, 36 ló mú wá. Àwọn tó rò pé afi ọ̀rọ̀ gígùn bí okùn ọkọ̀ nìkan lèèyàn fi ń gba Scrabble, ẹ sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ tà á

Tẹ́ ẹ bá lo táìlì méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi 50 póìntì kún un fún yín, kò sí ohun tó dà bíi ẹ̀ nínú géèmù yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta gan-an máa ń wá lẹ́tà mẹ́fà kan jọ tó bá lẹ́tà púpọ̀ mu, wọ́n á máa dúró de ìkeje. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni S-A-T-I-N-E, RETINA náà sì wà lára wọn. Ẹ wò wọ́n dáadáa. E, A àti T wà nínú méjèèjì. Torí náà tí E-A-T bá bá R, I, N tàbí S pàdé lórí ráàkì yín, tẹ́ ẹ wá gbé EAT jáde fún póìntì mẹ́ta, ẹ ti tú ilé ká kí wọ́n tó bo òrùlé.

RETINA ná: ẹ fi C sí i ó di CERTAIN, D ó di TRAINED, P ó di PAINTER àti REPAINT, K ó di KERATIN, H ó di HAIRNET, M ó di MINARET, L ó di LATRINE àti RELIANT, S ó di NASTIER, RETAINS, STAINER. G ńkọ́? GRANITE, TEARING, INGRATE, TANGIER.

EATING fúnra ẹ̀ náà ò kẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà ni, kan ṣoṣo ló kù kó pé méje. B ni BEATING, H ni HEATING, V ni VINTAGE, M ni MINTAGE àti TEAMING, L ni GELATIN àti ELATING, S wá ni bàbá wọn: SEATING, TEASING, EASTING, EATINGS, INGESTA, GENISTA. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni VINTAGE, ẹni tó ní V lọ́wọ́ máa ń bínú sí V, bẹ́ẹ̀ V ló mú u dé ibi ayọ̀. Ẹ máa da táìlì yín rú lórí ráàkì, ẹ má jẹ́ kí I-N-G máa jókòó sẹ́yìn ṣáá, ojú á mọ́ ọn sí i.

Ìgbà wo ló wá yẹ kẹ́ ẹ ta EAT? Ìgbà tẹ́ ẹ bá ní wọn ní méjì-méjì. Ká ní ráàkì yín jẹ́ E, E, A, A, T, T, R, tẹ́ ò sì rí nǹkan gidi kankan tà, ẹ ta EAT, ẹ̀dà kan ti lọ, E-A-T-R ṣì kù sílẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ pàdánù, ẹ sì tún fa mẹ́ta tuntun. Àmọ́ tí ráàkì bá jẹ́ E, A, T, V, V, U, W, EAT kọ́ ni ìṣòro yín, ẹ wá bí ẹ ṣe máa lé V jáde, kódà kẹ́ ẹ pààrọ̀ táìlì, ẹ di EAT mú. Mo ti rí ẹni tó ta EAT níbi tó ní irú ráàkì yẹn tó wá jókòó ti V, V, U, W fún bíi ìdajì géèmù, ẹ̀rín la fi rín in sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Boggle, níbi tí ìdúró lẹ́tà ti ń sọ̀rọ̀

Boggle ò ní ráàkì, dáìsì 16 ló wà nínú àwo, lẹ́tà tó bá fara kan ara wọn lẹ lè so pọ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ póìntì kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni bí E, A, T ṣe dúró. Tí wọ́n bá tò lórí ìlà kan tí A wà láàárín, EAT lẹ máa rí tẹ́ ẹ bá kà á lọ, TAE tẹ́ ẹ bá kà á bọ̀. Tó bá jẹ́ T ló wà láàárín, ATE àti ETA ni. E láàárín, TEA nìkan, torí AET ò sí. Tí wọ́n bá wá dì mọ́ra ní igun, tí kálukú fara kan kálukú, márààrún ló wà níbẹ̀, póìntì márùn-ún nílẹ̀.

Tí S bá tún ṣe ẹnìkẹrin wọn tí wọ́n fi di igun mẹ́rin, ó ti di ọdún: EAST, EATS, SEAT, TEAS, SATE, ETAS, SETA, ATES, TAES. Mẹ́sàn-án! A ò tíì ka SEA, SAT àti SET. Ẹ sì rántí òfin Boggle pé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì bá kọ bíi tiyín, wọ́n á fagi lé e fún ẹ̀yin méjèèjì, torí náà SEAT àti EAST lè má mú nǹkan wá, SETA àti TAES lẹ fi máa jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. SETA ni irun gíri-gíri tó máa ń wà lára kòkòrò, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Wordle àti pańpẹ́ tó wà lẹ́yìn EAT

Wordle, ọ̀rọ̀ kan tó fara pamọ́ lẹ máa wá, lẹ́tà márùn-ún ni, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ lè gbìyànjú. SLATE, CRATE, STARE, àwọn tí èèyàn fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, ẹ rí i pé E, A, T wà nínú wọn. EATEN àti EATER ò dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ torí E wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti fi àyè kan ṣòfò.

Wàhálà máa bẹ̀rẹ̀ níjọ́ tí E, A, T bá di àwọ̀ ewé lẹ́yìn, ìyẹn ni pé àyè wọn gan-an ni wọ́n wà, tí méjì iwájú ò sì tíì hàn. Inú yín á dùn pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹ dúró. CHEAT, WHEAT, TREAT, GREAT, SWEAT, BLEAT, PLEAT, CLEAT, mẹ́jọ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ń gbìyànjú wọn níkọ̀ọ̀kan ẹ lè lo gbogbo àyè yín tán kẹ́ ẹ má bá a. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé EAT fún ìgbà kan, kẹ́ ẹ kọ BLUSH. B àti L bá mọ́lẹ̀, BLEAT ni. L nìkan, PLEAT tàbí CLEAT. S mọ́lẹ̀, SWEAT. H mọ́lẹ̀, CHEAT tàbí WHEAT. Tí kò bá sí èyí tó mọ́lẹ̀, TREAT tàbí GREAT. Mẹ́jọ ti di méjì péré. Àwọn tó ń ta hard mode ò lè ṣe èyí, torí hard mode ò gbà kẹ́ ẹ fi lẹ́tà tẹ́ ẹ ti rí sílẹ̀, Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹnu. TREAT, GREAT àti SWEAT, EAT ló gbẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pípè wọn ò jọra. Ẹni tó bá ń fi etí wá ọ̀rọ̀ nìkan á fo GREAT dá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: crossword, ẹ tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n lò

Nínú crossword Amẹ́ríkà, ATE, EAT, ETA, TEA ò lè ṣe kí wọ́n má yọjú, fáwẹ̀lì wọn ló ń ran ẹni tó ń to crossword lọ́wọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ìgbà: "Have supper" ni EAT, "Has supper" ni EATS, "Had supper" ni ATE, "Having supper" ni EATING. Wọ́n kì í ṣì í tò. Àfi èyí tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ fi dẹ pańpẹ́, bíi "Put away": PUT ò yí padà lóòní tàbí lánàá, torí náà ó lè jẹ́ EAT, ó lè jẹ́ ATE. Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀ pẹ̀lú bírò títí tẹ́ ẹ fi máa rí lẹ́tà tó dábùú ẹ̀ kọjá.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní cryptic, yàtọ̀. Níbẹ̀ EATING lè má kan oúnjẹ rárá, àṣẹ ni, pé kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sínú ikùn òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan: "Cat eating hot talk (4)". 4 yẹn ni iye lẹ́tà ìdáhùn. HOT, H ni wọ́n fi ń ṣojú ẹ̀, bíi ti ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná. CAT gbé H mì, ó di C-H-A-T. CHAT, ọ̀rọ̀ sísọ, TALK. Tẹ́ ẹ bá rí SWALLOWING tàbí CONSUMING, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. EATEN BY sì ń yí i padà, ẹni àkọ́kọ́ ló wọnú ẹnìkejì.

Ẹ wo méjì yìí wàyí: "Drink ate badly (3)" àti "Greek character ate badly (3)". BADLY ń sọ pé kẹ́ ẹ da ATE rú. Dídàrú kan náà, ìdáhùn méjì, TEA fún àkọ́kọ́, ETA fún ìkejì, apá àkọ́kọ́ gbólóhùn ló ń sọ èwo ni. CHARACTER níbẹ̀ lẹ́tà ni, kì í ṣe ìwà.

Méjì kan wà tí ọmọ Nàìjíríà ò gbọ́dọ̀ pàdánù láé nínú gbogbo géèmù yìí. EXEAT, ẹni tó bá ti gbé hòsíteélì rí mọ̀ ọ́n, ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó lè jáde ní géètì, ó wà nínú Collins, X inú ẹ̀ nìkan jẹ́ 8, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 12. CAVEAT sì rèé, ara ògiri ilé la ti ń kà á, "caveat emptor, this house is not for sale", tí wọ́n á tún fi pupa kọ 419 sábẹ́ ẹ̀. CAVEAT jẹ́ 11. Tí EAT bá wà lórí bọ́ọ̀dù tí ẹsẹ̀ méjì ṣófo níwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ mú E àti X dání, ẹ mọ ohun tó kàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìyókù kọ́ àwọn ọmọ, ẹ fún wọn ní àtẹ̀gùn: kí wọ́n máa yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Láti EAT dé FIT rọrùn, EAT, FAT, FIT. Ẹ wá ní kí wọ́n gbé EAT dé RUN. Àwọn kan á gba FAT kọjá, FAN, FUN, RUN, ó dé, àmọ́ ó gbà á ní àtẹ̀gùn kan lé. Ọ̀nà tó yá jù ni EAT, RAT, RAN, RUN.